Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Etí Irun

Obìnrin gíga ni Torii Kiyonaga, ayàwòrán ará Japan, máa ń yà. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú kìmónò bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Ìlú Edo ló ti ṣiṣẹ́ (Tokyo òní ni, ẹ má rò pé Ẹ̀dó ti Ọba Bìní), láàárín 1780 sí 1790 ni òkìkí rẹ̀ sì kàn jù. Bí òdòdó ṣẹ́rì bá ti tú, àwọn obìnrin rẹ̀ á gun òkè Asuka lọ wò ó. Bí ooru bá mú, wọ́n á lọ gba atẹ́gùn létí odò Sumida.

Ó fẹ́ràn láti to ìwé mẹ́ta pọ̀ ṣe àwòrán kan. Ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ á máa bá a lọ láìjá.

Ṣùgbọ́n Kiyonaga kọ́ ló gbẹ́ pákó tí wọ́n fi ń tẹ àwọn àwòrán wọ̀nyí. Ó ya àwòrán sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; agbẹ́gi dojú ìwé náà bolẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ṣẹ́rì, ó wá ń gbẹ́ ẹ. Inú iṣẹ́ náà ni àwòrán àkọ́kọ́ ṣègbé sí. Ọ̀bẹ kì í sì í kan ìlà fúnra rẹ̀: igi tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ló ń kó kúrò, kí ìlà lè yọ sókè. Ẹ wá wo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí obìnrin kan. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí níbẹ̀, òkè igi tín-ín-rín ni, ọ̀bẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì ṣẹ́. Ọ̀gá ló máa ń gbẹ́ orí. Ọmọṣẹ́ a gba aṣọ. Orúkọ ayàwòrán wà lórí ìwé, ti agbẹ́gi kì í sábà sí. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, lójú tèmi.

Lẹ́yìn èyí ló kan atẹ̀wé. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pákó tirẹ̀, àmì tí wọ́n gbẹ́ sí igun pákó ló ń jẹ́ kí ìwé jókòó síbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ibi tí mo ti ń ṣe háà ni aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn dúdú tó fẹ́lẹ́, tí apá àti aṣọ abẹ́ ń hàn látinú rẹ̀. Pákó àti tàdáwà lásán ni o!

Búlúù tí wọ́n fún lára òdòdó kì í pẹ́ ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á. Ìdí nìyí tí ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi í gbé irú ìwé yìí kọ́ pẹ́. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Spaulding tó kó irú ìwé yìí jọ, nígbà tí wọ́n fún ilé àwọn iṣẹ́ ọnà ní Boston ní tiwọn ní 1921, ṣàdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ pàtẹ rẹ̀ fáráyé láé. Ó jọ àṣejù, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń lọ wo bí àwọ̀ ìgbà Kiyonaga ṣe rí kó tó ṣá.