Pípo, Sísè àti Rírẹ

Bí àlejò bá wọ Ọ̀tà tó ní òun fẹ́ mu tíì, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé èwo. Lipton ń jẹ́ tíì, Bournvita ń jẹ́ tíì, Milo tí Nestlé ń ṣe ní Àgbárá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tiwa níbí, tíì lòun náà ń jẹ́. Ohun tó bá ti gbóná, tó dùn, tó sì bá búrẹ́dì lọ, kò ní orúkọ mìíràn. Ẹ wo mállàm onítíì lẹ́bàá ọ̀nà Ìdírókò: yóò da omi gbígbóná lé Lipton, yóò bu Milo sí i, yóò da mílíìkì lé e, yóò wá gbé kọ́ọ̀pù kan sókè, yóò máa da á sínú èkejì nísàlẹ̀ títí yóò fi yọ ìfófòó. Abájọ tí a fi ń ní, "Ẹ bá mi po tíì." Ṣùgbọ́n a kì í po àgbo; sísè là ń sè é, nítorí èèpo igi àti egbò kì í tètè jẹ́wọ́ nínú omi. Tíì ewé tí mo ń ṣe ní Ìjù bọ́ sí àárín méjèèjì: rírẹ là ń rẹ ẹ́. Èrò mi ni pé ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ti di iṣẹ́ náà mú, kò sì ní nílò irọ́ ìwòsàn kó tó rí ọjà rẹ̀ tà.

Ẹ jẹ́ ká mú koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ilé ń pè ní ewé tíì. Òróró tó ń mú un ta sánsán fúyẹ́ púpọ̀. Bí oru bá ń gòkè, ó ń bá oru lọ. Ẹni tó bá sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdé ìkòkò, gbogbo ojúlé ni yóò gbóòórùn rẹ̀, aládùúgbò pàápàá yóò béèrè, ṣùgbọ́n omi aláwọ̀ ewé lásán ló kù fún ẹni tó fẹ́ mu ún. Òórùn tó gba ilé kan ti sá kúrò nínú ife. Bó ṣe yẹ ká ṣe é ni pé ká fọ ewé náà, ká fi ọwọ́ rún un díẹ̀, ká jẹ́ kí omi hó, ká sọ ọ́ kalẹ̀, ká tó ki ewé bọ̀ ọ́, ká sì dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí a bá ṣí ìdérí, ẹ ó rí omi tó sé mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ìkòkò, torí ibẹ̀ ni adùn sá pamọ́ sí. Ti atalẹ̀ yàtọ̀: ara rẹ̀ le, a ní láti tẹ̀ ẹ́ fọ́ ká sì jẹ́ kó hó pẹ̀lú omi. Ti ìsápá pupa tún yàtọ̀: inú omi tútù pàápàá ló ti ń tú àwọ̀. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé Lipton tó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, kíkorò ló ń dà.

Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ fún ọ̀rọ̀ yìí ni Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ewé kan tí wọ́n ń lò fún ibà ní Ṣáínà kò jẹ́ kanlẹ̀ nínú ìdánwò. Bó ṣe ṣiṣẹ́ lónìí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́la. Nínú ìwé oníṣègùn kan tí wọ́n ti kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé wọ́n ní kí a rẹ ewé náà sómi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ sísè níbẹ̀. Ó fura pé iná ló ń pa agbára ewé náà, ó lo ohun tí kì í gba ooru púpọ̀ láti fà á jáde, ohun tó rí sì ti di oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́mísì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ní ojú kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni fi tíì ewé yẹn kan náà wo ibà, torí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n oògùn tó wà nínú ife kan, tí kò bá sì tó, kòkòrò ibà yóò kọ́ bí yóò ṣe dènà rẹ̀. Bí ewé tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú tó báyìí kò bá tó láti gbé ife rẹ̀ lé aláìsàn lọ́wọ́, kí ló kù tí n óò sọ nípa efinrin?

Wọ́n á ní àwọn bàbá wa mu ewé dọ́jọ́ ogbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dọ́jọ́ ogbó ló wà láyé tó ń ròyìn. Ẹni tí kò bá lára mu kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn bàbá kò gba àgbo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Oníṣègùn á béèrè ọjọ́ orí, á béèrè bóyá oyún wà nílẹ̀, kó tó fi ọwọ́ kan ewé. Ẹlòmíràn á ní ṣebí ìsápá ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú. Ó rí bẹ́ẹ̀: nínú ìwádìí tí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010, àwọn tó mu ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé tiwọn lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ife tí wọ́n wọ̀n ni, ó yàtọ̀ sí zobo tí a fi ṣúgà dì mọ́lẹ̀ nínú ike. Torí pé ó sì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di àṣà.

Àtakò àwọn oníparaga ló wúwo jù: wọ́n ní omi kò lágbára, ọtí ló ń fa ewé. N kò ní jiyàn; ohun púpọ̀ wà nínú èèpo tí ọtí ń fà jáde tí omi kò lè fà. Ṣùgbọ́n ọtí náà kò dúró sẹ́yìn, ó ń bá ewé wọlé. Ní 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí methanol tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀. Kódà bí ọtí náà bá mọ́, ẹ wo ẹni tó ń mu ún: awakọ̀ ní gáréèjì, àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó fẹ́ lọ dúró ti ẹ̀rọ mọ́jú. Ẹni tó sì jáde níṣẹ́ òru láàárọ̀, oorun ló ń lọ sùn. Lipton yóò là á lójú, torí káfíìnì inú rẹ̀. Paraga yóò gbé e ṣubú. Koríko ọba kò ní káfíìnì, kò sì ní ọtí. Ohun gbígbóná tó ń tani lọ́fun pẹ́sẹ́ ni, ẹni náà á mu ún, á sì sùn.

Wọ́n á wá béèrè pé bí kì í bá ṣe oògùn, owó kí ni mò ń gbà? Owó ọwọ́ ni. Ewé tó hù létí ọ̀nà Ìdírókò ti gba eruku tírélà àti èéfín iléeṣẹ́ sára. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á wọ inú lọ kó tó já a. Kò ní sá a sórí títì. Abẹ́ òjìji ni yóò sá a sí, kí oòrùn má baà gba òórùn rẹ̀ lọ kó tó délé oníbàárà. Búrẹ́dì kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí, ojoojúmọ́ la sì ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo ń fẹ́ fún tíì ewé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ mi, ìlànà kan ṣoṣo ni mo máa ń fún un: kó má gbàgbé ìdérí.