Àánú Onígbàgbọ́ àti Iṣẹ́ Ìjọba: Àyẹ̀wò Ìwé A Christmas Carol

Nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́, díẹ̀ ni ó rọrùn fún ọmọdé láti gbádùn bí A Christmas Carol tí Charles Dickens kọ, díẹ̀ sì ni olùkọ́ máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú tó o. Ìtàn náà kò gùn. Ahun kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Scrooge. Owó ni ó mọ̀, kò mọ ènìyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, òkú Marley, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò rí, tí ó sì ti kú láti ọdún méje, yọ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀mí mẹ́ta tún wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ìgbà tí ó ti kọjá, ìgbà tí ó wà lórí rẹ̀, àti ìgbà tí ń bọ̀ hàn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkàn rẹ̀ ti yí padà, ó sì ti di ọ̀làwọ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń parí ẹ̀kọ́ náà sí: ìwà ahun kò dára, ẹ jẹ́ kí á máa ṣàánú tálákà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Ìbéèrè tí Dickens gbé kalẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ìtọ́jú aláìní jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé Onígbàgbọ́ tí àánú ń ṣe ni, tàbí ìjọba tí ń gba owó orí? Bí ó bá sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì, níbo ni iṣẹ́ ọ̀kan parí sí, tí ti èkejì sì bẹ̀rẹ̀?

Kí a tó lè dá ìwé náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ irú ayé tí a ti kọ ọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé wọ̀nyí ká láàárín ọdún 1536 sí 1540, ẹrù tálákà sì bọ́ sí ọrùn ìlú. Ní ọdún 1601, ní ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, a ṣe òfin pé kí ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé àti onílẹ̀ láti fi tọ́jú àwọn òtòṣì wọn. Òfin yìí pẹ́ ju igba ọdún lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn aláìní ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń san owó náà ń kùn, wọ́n ń sọ pé ìrànlọ́wọ́ ti sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Nítorí náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun ní ọdún 1834. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹni tí ara rẹ̀ le má rí ìrànlọ́wọ́ gbà mọ́ àfi bí ó bá gbà láti wọ ilé òtòṣì. A sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò ilé náà kí ìgbé ayé ibẹ̀ lè burú ju ti òṣìṣẹ́ tí ó tálákà jù lọ ní ìta. Ọkọ kì í bá aya gbé níbẹ̀, ìyá kì í sì í bá ọmọ gbé.

Dickens mọ ìṣẹ́ dunjú. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, a ju bàbá rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n Marshalsea nítorí gbèsè, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí a ti ń ṣe ohun ìkunbàtà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba gbé ìròyìn jáde ní ọdún 1843 lórí àwọn ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan láti bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ tálákà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Field Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn Onígbàgbọ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákìísà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbẹ̀yìn, dípò ìwé pélébé, ìtàn ni ó kọ. Ó jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 1843, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ sì tán kí ọjọ́ Kérésìmesì tó pé.

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ dúró lé lórí ni ìgbà tí àwọn ọkùnrin méjì kan wá sí ọ́fíìsì Scrooge láti gba ọrẹ fún àwọn aláìní. Scrooge kò sọ fún wọn pé òun kórìíra tálákà. Ìbéèrè ni ó bi wọ́n: ṣé kò sí ẹ̀wọ̀n mọ́ ni, ṣé wọ́n ti pa ilé òtòṣì dé, ṣé òfin àwọn tálákà kò ṣiṣẹ́ mọ́? Ó wí pé òun ń san owó láti fi gbé gbogbo wọn ró, àti pé owó náà kò kéré. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yàn láti kú jù kí wọ́n lọ sí irú ibẹ̀, ó ní kí wọ́n kú, kí iye ènìyàn tí ó pọ̀ jù láyé lè dín kù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kì í ṣe ti Scrooge nìkan; ẹ̀kọ́ tí àlùfáà kan, Thomas Malthus, gbé jáde ní ọdún 1798 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti sọ di ọgbọ́n ìṣèlú.

Níhìn-ín ni òye Dickens ti hàn. Ó rí i pé ìjọba lè di asà tí olówó ń sá sí lẹ́yìn. Ẹni tí ó ti san owó orí rò pé òun ti ra ara òun padà kúrò lọ́wọ́ ẹnìkejì òun. Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì kọjá nínú ìtàn ará Samáríà rere ìbá ti wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ti kọ́ ilé òtòṣì kan sí ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Àánú tí Kristi kọ́ni kò fi ààyè sílẹ̀ fún irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Dickens kò sì dá ẹ̀sìn sí. Nígbà tí Scrooge ń bá ẹ̀mí kejì rìn ní ìgboro, ó rí àwọn tálákà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ ọdún wọn lọ sí ilé àwọn oníbúrẹ́dì, nítorí pé wọn kò ní ààrò nílé. Ó wá bi ẹ̀mí náà ìdí rẹ̀ tí ó fi fẹ́ kí a máa ti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ náà nìkan ni tálákà lè jẹun gidi. Ẹ̀mí náà sẹ́. Ó ní àwọn kan ni wọ́n ń fi orúkọ àwọn ẹ̀mí ṣe iṣẹ́ ìgbéraga àti ìkórìíra ti ara wọn. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, àwọn Onígbàgbọ́ kan ní ilé aṣòfin ti gbìyànjú láti fi òfin de ìṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, Dickens sì ti kọ ìwé takò wọ́n ní ọdún 1836. Ó mọ̀ pé òfin tí a fi orúkọ Ọlọ́run ṣe lè gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà.

Ìyìn kejì tí ó tọ́ sí ìwé yìí wà nínú ohun tí Scrooge ṣe lẹ́yìn tí ó ronú pìwà dà. Gbogbo ọmọdé ni ó ń rántí tòlótòló ńlá tí ó rán sí ilé Bob Cratchit, akọ̀wé rẹ̀. Èyí tí wọn kì í sábà rántí ni pé ó fi owó kún owó iṣẹ́ Bob. Ṣílè 15 lọ́sẹ̀ ni Bob ń gbà tẹ́lẹ̀, òun sì ni ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ mẹ́fà. Ọrẹ ni tòlótòló; ẹ̀tọ́ ni owó iṣẹ́. Olówó lè fún ni ní tòlótòló lọ́dọọdún kí ó sì máa rẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ lójoojúmọ́. Dickens kò jẹ́ kí Scrooge bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Bí ó ti wù kí ó rí, àbùkù pàtàkì kan wà nínú ìtàn náà. Tim kékeré, ọmọ Bob tí ó yarọ, ni yóò kú bí Scrooge kò bá yí padà. Nítorí pé Scrooge yí padà, Tim yè. Èyí mú ìtàn dùn, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀mí ọmọdé kọ́ sórí oorun ọkùnrin kan. Bí Marley kò bá wá ńkọ́? Àwọn Tim tí bàbá wọn ń bá ahun mìíràn ṣiṣẹ́, tí ẹ̀mí kankan kò yọ sí, ta ni yóò gbà wọ́n?

Ìwé náà fúnra rẹ̀ mọ ìbéèrè yìí, kò sì dáhùn rẹ̀. Kí ẹ̀mí kejì tó lọ, ó ṣí aṣọ rẹ̀, ó sì fi ọmọ méjì hàn lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n rù, tí ojú wọn burú. Àìmọ̀kan ni orúkọ ọkùnrin, Àìní ni ti obìnrin. Ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọ aráyé ni, ni ẹ̀mí náà wí. Ó sì kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ra fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra jù lọ fún Àìmọ̀kan. Nígbà tí Scrooge bèèrè bóyá kò sí ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí, ọ̀rọ̀ tí ó fi lé àwọn tí ń tọrọ ọrẹ ni a dá padà fún un. Lẹ́yìn náà, a kò tún gbúròó wọn mọ́. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, Tim rí bàbá kejì, Bob rí owó, àwọn tí ń gba ọrẹ rí ọrẹ. Àwọn ọmọ méjì yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mú lọ sílé.

Àwọn kan lè wí pé ìtàn ni Dickens ń kọ, kì í ṣe ìwé òfin. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́, a kò sì lè bẹ akọ̀tàn pé kí ó di aṣòfin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkàwé ni ó mú àwọn ọmọ náà wọ inú ìtàn. Dickens ni ó mú wọn wá, òun ni ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀làwọ́ ọkùnrin kan ti tó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé kò tó. Ọ̀kan nínú àwọn Onígbàgbọ́ tí ó gbóná jù lọ nígbà náà ni Ashley, ẹni tí ó wá di Lord Shaftesbury. Kò fi àánú rẹ̀ mọ sí ọrẹ ṣíṣe. Ó gbé e wọ ilé aṣòfin. Òun ni ó ṣáájú nínú òfin ọdún 1842 tí ó lé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdékùnrin tí kò tó ọdún 10 jáde kúrò nínú kòtò èédú, ó sì wà lára àwọn tí ó jà títí òfin ọdún 1847 fi dín iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé kù sí wákàtí 10 lóòjọ́. Ní ọdún 1870, ọdún tí Dickens kú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí ti ìjọ kò bá tó. Òfin ọdún 1908 fún arúgbó aláìní tí ó pé ọdún 70 ní owó. Ní ọdún 1942, William Beveridge kọ ìròyìn olókìkí fún ìjọba, ó sì dárúkọ òmìrán márùn-ún tí ó yẹ kí a bá jà: Àìní, Àrùn, Àìmọ̀kan, Ẹ̀gbin àti Àìríṣẹ́ṣe. Méjì nínú wọn ni àwọn ọmọ abẹ́ aṣọ ẹ̀mí kejì. Ní ọdún yẹn kan náà ni William Temple, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, tẹ ìwé láti fi hàn pé Ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlú. Ọdún 1948 ni ìwòsàn ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí òfin àwọn tálákà sì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí wí pé ìjọba nìkan ni ó tó. Ìjọba ni ó kọ́ ilé òtòṣì. Ní ọdún 1845, a rí i pé ní Andover, àwọn òtòṣì tí a fi sí iṣẹ́ fífọ́ egungun ń jẹ ohun tí ó kù lára egungun náà nítorí ebi. Òfin wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, alábòójútó wà níbẹ̀. Àánú ni kò sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àánú ẹnìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìní. Òfin kò sì lè mọ ìgbà tí opó ilé kejì ń sunkún.

Bíbélì pàápàá kò ya méjèèjì nípá. Ìwé Léfítíkù kò fi ọ̀ràn tálákà sílẹ̀ fún ọkàn rere olóko. Ó pa á láṣẹ pé kí ó má ṣe kárúgbìn dé igun oko. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nígbà tí àwọn opó kan ń kùn pé a ń fojú fo àwọn nínú pípín oúnjẹ, ọkùnrin méje ni a yàn láti bójú tó o, kì í ṣe ìwàásù nìkan ni a ṣe. Mùsùlùmí tí ó mọ ìdí tí sàká fi jẹ́ ọ̀ranyàn yóò lóye èyí láìpẹ́.

Olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ìdí pàtàkì láti ka ìwé yìí tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Ní ọdún 1843 tí ó jáde, àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Badagry. Àánú Onígbàgbọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọmọ ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955 ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún ọmọ àgbẹ̀ lásán. Ti gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, òfin ọdún 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn. Òfin wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì wà ní ìgboro ní wákàtí ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí ẹ̀mí kejì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún Scrooge nìyẹn.

Nítorí náà, A Christmas Carol yẹ ní kíkà, ó sì yẹ ní kíkọ́ni. Ó dára nínú títú àwáwí olówó sí gbangba. Ó kù díẹ̀ káàtó nínú fífi ìgbàlà tálákà sí ọwọ́ ẹnìkan. Kí olùkọ́ má ṣe bo àbùkù yìí mọ́lẹ̀. Nígbà tí kíláàsì bá ka ìtàn náà tán, tí inú gbogbo ọmọ ń dùn pé Tim kò kú, kí ó ní kí wọ́n ṣí ìwé padà sí ibi tí ọmọ méjì wà lábẹ́ aṣọ, kí ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò mú ìwọ̀nyí lọ sílé. Bí ọmọ kan bá dáhùn pé Ìjọ ni, kí ó bi í bí Ìjọ yóò ti ṣe é. Bí òmíràn bá ní ìjọba ni, kí ó bi í ta ni yóò ṣọ́ ìjọba.