Ojú Òṣèré, Ojú Ọmọlúàbí: Àgbéyẹ̀wò Fọ́tò Ìpolówó Àwọn Òṣèré Orí Ìtàgé

Iṣẹ́ ìwádìí lórí eré alárìnjó Yorùbá kì í ṣe kékeré. Clark (1979) kọ ìtàn Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀sọ́sà. Jeyifo (1984) yẹ ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré gbà ń ṣòwò wò. Barber (2000) sì tẹ̀lé ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí káàkiri. Síbẹ̀, fọ́tò tí òṣèré lọ yà ní ilé ayàwòrán, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí eré tó dé ìlú, kò ju ẹ̀ṣọ́ lásán lọ nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí àárín ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ orúkọ òṣèré sí abẹ́ rẹ̀, ó parí. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ ọnà tí ó ní òfin tirẹ̀ ni fọ́tò bẹ́ẹ̀, àti pé ẹrù méjì tí ó ṣòro láti gbé pọ̀ ni ó ń rù: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọlúàbí ni òṣèré, ó sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí eré.

Òfin ilé ayàwòrán ti wà nílẹ̀ kí òṣèré tó wọ ibẹ̀. Sprague (1978), tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàpèjúwe bí àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò: yóò kọjú sí kámẹ́rà tààrà, yóò gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ rẹ̀ yóò sì tẹ́ rẹrẹ kí iyì rẹ̀ lè hàn. Ó so ìṣesí yìí mọ́ àwọn ìlànà tí Thompson (1973) gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ ère gbígbẹ́ dunjú. Lára wọn ni jíjọra, kí ère jọ ènìyàn ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ìfarahàn, kí gbogbo ẹ̀yà hàn kedere. Àti ọ̀dọ́, kí wọ́n gbẹ́ arúgbó bí ẹni tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní bínú sí ayàwòrán tí ó fi pẹ́ńsù pa wíwú ojú rẹ́ lára fíìmù. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa.

Òṣèré nílò iyì yìí ju àwọn mìíràn lọ. Nígbà tí Ògúńdé dá African Music Research Party sílẹ̀ ní 1945, ojú alágbe àti ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ẹni tí ó ń ṣeré jẹun. Òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá wọn gun orí ìtàgé rárá. Nítorí náà, fọ́tò òṣèré tí ó wọ aṣọ gidi, tí ó jókòó bí olóyè, jẹ́ èsì fún ẹ̀gàn. Ó ń sọ fún ará ìlú pé ẹni tí ń bọ̀ kì í ṣe aláìnílé. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ irú eré tí ó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ lè rò pé olóṣèlú ni.

Dúró Ládipọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àwòrán Ọba Kò So, Ṣàngó ni ó wà níwájú; Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn ipa tí ó kó. Iyì ibẹ̀ ti Ọba Ọ̀yọ́ ni, òṣèré kàn yá a lò.

Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ni ọ̀rọ̀ yìí fún ní èsì tí ó jinlẹ̀ jù. Awò ojú ràgàjì, táì tí ó rí bí labalábá ńlá, aago tí ó tóbi kọjá ohun tí ènìyàn ń so mọ́ ọwọ́: ìwọ̀nyí ni ohun tí ará ìlú fi ń dá a mọ̀. Ó rọrùn láti pe èyí ní àṣejù, kí a sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ti ń tẹ pósítà nígbà náà. Yíǹkì a máa bo ojú, bébà kì í dára, ẹni tí ń wò ó sì lè wà nínú ọkọ̀ tí ń sáré. Ẹ̀rín músẹ́ kò lè la ìyẹn já. Awò ojú ńlá lè là á já. Ìfarahàn náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ ni ó gbà wọlé. Ohun kejì ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ohun èlò iyì ní ilé ayàwòrán. Aago, awò ojú àti táì ni akọ̀wé ń wọ̀ lọ ya fọ́tò kí wọ́n lè mọ̀ pé ó kàwé. Aláwàdà gba ohun kan náà, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, iyì sì di ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà a sì máa ta yọ jù nígbà tí òṣèré bá fajú ro, tí ó jókòó bí àgbà, bí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe aago òun. Ẹrù méjèèjì dé orí kan ṣoṣo, kò sì wó.

Ta ni ó yà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ayàwòrán kì í sí lára pósítà. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, di ẹni tí ayé mọ̀ kí ó tó kú ní 2014, nítorí pé ó tọ́jú fíìmù rẹ̀. Àwọn tí ó tò iná, tí ó ta aṣọ sẹ́yìn òṣèré, tí ó sọ fún un pé kí ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Olùwádìí tí ń tò ọ̀rọ̀ eré jọ láìbéèrè fíìmù wọ̀nyí ń fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ikán.

Lónìí, bí ènìyàn bá gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá agbègbè Ìbàfò, Mówè àti Lotto, kì í ṣòro láti rí bánà aláwàdà tàbí olórin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ṣàárò yíǹkì tó ń dà sí ojú. Ṣùgbọ́n orí nìkan ni wọ́n sábà máa ń gé lé e, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, owó àti iná sì ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó wà lórí itan ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí ó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní agbègbè yẹn lè mú irú bánà bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì pẹ̀lú pósítà àtijọ́ kan, kí ó sì bi àwọn ọmọ pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n lè dá mọ̀ bí wọ́n bá fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.