Kìnnìún Tí Ebi Ń Pa: Fíìmù Madagascar Nínú Ilé Wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́, kàtúùnù ni a máa ń tàn sílẹ̀ fún wọn. Ìyá á gba ilé ìdáná lọ, bàbá á jáde sí ìta, ọmọ á sì di ọmọ tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ kejì Iléyá kan ni mo tó mọ̀ pé fíìmù tí mo ń pè ní ti ọmọdé ní ọ̀rọ̀ àgbà nínú, àti pé bí àwa òbí kò bá bá wọn jókòó wò ó, àwọn nìkan ni yóò máa dá ara wọn lóhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Madagascar ni orúkọ fíìmù náà. Ilé-iṣẹ́ DreamWorks ti Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 2005, Eric Darnell àti Tom McGrath ni wọ́n sì darí rẹ̀. Fíìmù àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ wa kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni ó gbé e wá sí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àna mi ti wá láti Ìwòpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, láti bá wa ṣe ọdún. A ti jẹ ìkọ́kọrẹ́, a ti jẹ ẹran, ikùn ti kún. Ìyá àgbà jókòó sórí àga, àwọn ọmọ tẹ́ ẹní sílẹ̀, èmi náà kò sì ráyè sá jáde nítorí pé òjò ń rọ̀. Bí ó ṣe di pé mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Kìnnìún kan tí ń jẹ́ Alex, ẹṣin abilà tí ń jẹ́ Marty, àgùnfọn tí ń jẹ́ Melman àti erinmi tí ń jẹ́ Gloria ni ọ̀rẹ́ mẹ́rin nínú ọgbà ẹranko ìlú New York. Ọjọ́ tí Marty pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé òun kò dé igbó rí. Ó sá jáde lóru, àwọn mẹ́ta yòókù wá a lọ, ọwọ́ àwọn ènìyàn sì tẹ gbogbo wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àpótí, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ òkun pé kí ó gbé wọn lọ sí Kenya. Àwọn pẹngúìnì mẹ́rin, ẹyẹ aláwọ̀ dúdú àti funfun tí kò lè fò, ni wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yí i padà, àpótí àwọn ọ̀rẹ́ wa já sínú òkun, omi sì gbé wọn gúnlẹ̀ sí erékùṣù Madagásíkà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé fíìmù yìí pani lẹ́rìn-ín. Àwọn pẹngúìnì ni wọ́n ni ẹ̀rín jù. Bí ológun ni wọ́n ṣe ń rìn, bí ológun ni wọ́n ṣe ń pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò tó ìṣasùn ọbẹ̀ ní gíga. Gbogbo wàhálà wọn ni kí wọ́n lè dé ilẹ̀ yìnyín tí ó jẹ́ ti àwọn baba wọn. Nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀, wọ́n dúró sínú ẹ̀fúùfù, wọ́n wò yíká, wọ́n rí i pé ibẹ̀ kò dára, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó lọ sí ìlú òyìnbó nìyẹn.

Ẹ̀fẹ̀ mìíràn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwàdà tí ó so mọ́ orúkọ àdúgbò New York tàbí mọ́ fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́, bí a bá túmọ̀ rẹ̀, àlàyé lásán ni yóò kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jáwọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹnu àwọn ẹranko. Àgùnfọn tí ó gbà pé gbogbo àìsàn ayé wà lára òun di bọ̀dá kan tí kì í jẹ́ kí oníkẹ́míìsì sinmi. Ọba àwọn ẹranko erékùṣù di ẹni tí ń fi Ìjẹ̀bú ponbele sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ba iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù jẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti di ti gbogbo ilé, tí àwọn ọmọ kékeré kò fi máa wo ojú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ kí wọ́n tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí àwọn rẹ́rìn-ín.

Mo ní ẹ̀sùn sí fíìmù náà. Ní ọdún tí wọ́n gbé e jáde, àwọn ènìyàn tí ń gbé ní Madagásíkà ju mílíọ̀nù 15 lọ. Nínú fíìmù, kò sí ènìyàn alààyè kan níbẹ̀. Egungun òkú tí ó so rọ̀ sórí igi ni gbogbo ohun tí a rí tí ó jọ ènìyàn. Ọba tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ọba àwọn lẹ́mọ̀, ẹranko tí ó fara jọ ọ̀bọ tí ìrù rẹ̀ sì gùn. Adé ewé ni ó dé, ijó ni iṣẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ó ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ díẹ̀, nítorí ó fẹ́ fi kìnnìún dẹ́rù ba àwọn fúsà, ẹranko tí ń pa ọmọ ìlú rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀, àlejò ni ó ní làákàyè nínú ìtàn yìí, onílé ni alárìnjó. Ó yẹ kí òbí sọ èyí fún ọmọ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ̀rín má sì tìtorí rẹ̀ tán nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ̀ mí lára ni ti ebi. Nínú ọgbà New York, wọ́n ń gbé ẹran fún Alex lójoojúmọ́, kò sì béèrè ibi tí ẹran ti wá. Nígbà tí ó dé erékùṣù, kò sí ẹni tí yóò gbé ẹran wá mọ́. Ebi pa á dé ibi pé nígbà tí ó bá wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ègé ẹran ni ó ń rí tí ń rìn. Ó bu Marty jẹ ní ìdí. Ojú wá tì í, ó sá lọ sí apá ibi tí àwọn apẹran-jẹ ń gbé, ó fi igi yí ara rẹ̀ ká kí ó má baà pa ẹni tí ó fẹ́ràn. Yàrá wa pa lọ́lọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni fún fíìmù aláwàdà láti mú ọmọdé dé irú ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa tí a mọ̀wé Lárúbáwá díẹ̀. Nínú Kalila wa Dimna, tí Ibnul-Muqaffa túmọ̀ sí èdè Lárúbáwá ní ọ̀rúndún kẹjọ, kìnnìún kan bá akọ màlúù dọ́rẹ̀ẹ́, olófòófó dá sí i, kìnnìún sì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé yẹn kan náà, ebi ń pa kìnnìún tí ó fara gbọgbẹ́. Ẹyẹ ìwò, ìkookò àti akátá tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ọgbọ́n mú ràkúnmí yọ̀ǹda ara rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ ẹ́. Àwọn àlọ́ tiwa náà kò sá fún un. Ẹ rántí ìgbà tí ìyàn mú, tí àwọn ẹranko fi ohùn ṣọ̀kan láti máa pa ìyá wọn jẹ, tí Ajá sì gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Àwọn àgbà tí wọ́n pa ìtàn wọ̀nyí mọ̀ pé ebi lè ya ọ̀rẹ́, wọn kò sì fi í pamọ́ fún ọmọdé.

Fíìmù náà fi í pamọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, àwọn pẹngúìnì dé, wọ́n gbé ẹja tútù fún kìnnìún, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn ju ẹran lọ, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó wà ní yàrá pàtẹ́wọ́. Ọmọ Ìwòpin kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹja kò sọ̀rọ̀?"

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí fíìmù, n kò sì rí alárìíwísí tí ó ṣe jù báyìí lọ. Nínú ìtàn tí kìnnìún ti ń sọ̀rọ̀, tí erinmi ń sọ̀rọ̀, tí ẹyẹ tí kò lè fò ń pàṣẹ, kí ni ẹja ṣẹ̀? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, tí ó ti gbá àrọ̀ àti ẹpìyà mú láàyè nínú ọpọ́n, mọ̀ pé ẹja náà ní ẹ̀mí. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn yìí nílò ẹran kan tí kò ní ojú, tí kò ní orúkọ, kí kìnnìún lè yó kí inú wa sì dùn. Wọ́n wá a dé inú omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó ti ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ní irú ìbéèrè báyìí ni òun ń bẹ̀rù, pé àwòrán tí ń sọ̀rọ̀ kò yẹ ilé Mùsùlùmí. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ààfáà wa fẹnu kò sí. Mo kàn rán an létí ohun méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni pé nínú Suuratun-Namli, èèrà sọ̀rọ̀, Ànábì Sulaimọnu gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Èkejì ni ẹṣin alápá tí ìyá wa Áíṣà fi ń ṣeré, tí Ànábì wa rí tí ó sì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gànjọ́ rẹ̀ fi hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ méjèèjì, òun kò sì pè wọ́n ní fíìmù. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó wò ó dé òpin.

Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Òun ni ó ń já ewé fún àgbò wa fún ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé. Nígbà tí a gbé ẹran alẹ́ wá, ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó béèrè bóyá àgbò náà ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Bí mo bá wà ní ìta gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, n kì bá tí gbọ́. N kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́, n kò sì wá ẹja fún un bí àwọn pẹngúìnì. Mo sọ fún un pé a kò pa á ní ìpa eré, pé orúkọ Ọlọ́hun ni a dá kí ọ̀bẹ tó kàn án, pé Ànábì wa pa á láṣẹ kí ọ̀bẹ mú kí ẹran má baà jìyà, àti pé àwọn kan ní àdúgbò wa ti jẹ nínú rẹ̀ tí wọn kò rí ẹran jẹ láti oṣù mélòó kan. Ó gbọ́. Kò jẹ ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ díẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ bi àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà. Níbo ni tiwa wà? Moustapha Alassane ní orílẹ̀-èdè Niger ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sínú fíìmù Bon voyage Sim ní ọdún 1966, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni ó rán lọ sí ìrìn àjò, ó sì fi í rẹ́rìn-ín àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2024, Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé Iwájú jáde, Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, alángbá kan tí ń jẹ́ Otin sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn dára. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà ní yàrá wa mọ fúsà Madagásíkà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wọn pé erin ṣì wà nínú igbó ọba Ọmọ tí kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ agbégi ń kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́.

Kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí, iná mànàmáná ti lọ. Àwọn ọmọ hó. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, ó pe ọmọ Ìwòpin yẹn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun mọ ohun tí ẹja sọ. Ó ké "Ààlọ́ o!" Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ dáhùn.