Ìtàn Ìfìdírẹmi: Lórí Àwọn Olólùfẹ́ Shooting Stars

A ti kọ̀wé lórí ìjálá, a ti kọ̀wé lórí ẹkún ìyàwó, a tilẹ̀ ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ máa ń kọ sára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó jókòó sábẹ́ igi ní Ìgbò-Ọrà, tí ó ń to ìdíje bọ́ọ̀lù ọdún 1984 lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé, n kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni nínú wa kà á sí apohùn. Èrò tèmi ni pé apohùn gidi ni, àti pé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù lọ ni ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi.

Ẹgbẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sútìn. WNDC ni orúkọ rẹ̀ nígbà kan, ó di IICC, kí ó tó di 3SC tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní ọdún 1976 ó na Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1992 ó gba ife CAF ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìdíje náà sílẹ̀. Ó ti gba líìgì ilẹ̀ wa lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìkarùn-ún náà ni ti 1998, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí tí kò gbà á mọ́. Ní 2017 ó já bọ́ kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ pátápátá. Ó di 2021 kí ó tó gòkè padà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹrúwà ní 1998 ti ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ lónìí, kò sì rí wa kí a gba líìgì rí.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan ará Ìbàràpá nínú ẹgbẹ́ Ìbàdàn. Ìlú méje tí a ń pè ní Ìbàràpá kì í ṣe ara Ìbàdàn, ará Ìbàdàn kì í sì í pẹ́ rán wa létí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ní Ìgbò-Ọrà, ni mo bi ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ní ìjọba ló ni Sútìn, òun náà sì ń san owó-orí. Owó òun wà nínú bọ́ọ̀lù yẹn. N kò tíì rí ìdáhùn tó dára jù ú lọ.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1984, Sútìn dé ìdíje àṣekágbá fún ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà. Zamalek ti nà wá ní 2-0 ní Káírò, a sì fẹ́ san án padà ní Èkó. Ọyẹ́ ti mú. Láti àárọ̀ ni bàbá ti sá òkúta rédíò sóòrùn kí ó lè lágbára di alẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ń ròyìn eré náà ń sọ, èmi nìkan ni mo sì ń lọ sí ilé-ìwé girama nínú gbogbo àwọn tí ó pé jọ sí àgbàlá, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n ń pariwo. Nígbà tí ó yá, Zamalek gbá a wọlé. Mo gbọ́ ọ kedere. Mo wo ojú bàbá, mo sì sọ pé bọ́ọ̀lù ti jáde.

Irọ́ kan ní í bí òmíràn. Mo fún Sútìn ní kọ́nà méjì tí kò sí ẹni tí ó fún wọn. Mo ní asọ́lé Zamalek ti ṣubú. Ọkùnrin kan tí ń ti ojúde bọ̀ ló tú àṣírí mi: ó kan wọlé, ó kí bàbá kú àdánù.

Bàbá kò nà mí. Ó béèrè pé, “Ìṣẹ́jú wo ni wọ́n gbá a wọlé?” N kò lè sọ. “Ta ló gbá a?” N kò mọ̀. Ó ní, “Ìyà mi ni, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló ní kí o bá mi jẹ nínú rẹ̀?”

Nígbà tí ó ṣe, ó bá ọ̀nà Ẹrúwà àti Ìdó dé Ìbàdàn, ó wá àwọn tí wọ́n lọ wo eré náà lójúkojú, ó gba góòlù náà lẹ́nu wọn tán pátá. Láti ìgbà náà ni ìtàn rẹ̀ ti pé. Irọ́ tèmi náà sì ti wọnú rẹ̀, ó ní àyè tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì.

Bí ènìyàn bá fetí sí i dáadáa, yóò rí i pé ohùn méjì ni bàbá fi ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti 1976, ìtàn náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ó pe Ọdẹ́gbàmí, ó pe Mudá Lawal, ó ní a fún wọn ní mẹ́rin nílé, ó parí. Orúkọ ni, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n kí ó kan ti 1977, nígbà tí àwa àti Rangers ti Enugu ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi pẹ́nárítì lé wa ní Kàdúná, bàbá yóò gbé àga rẹ̀ súnmọ́ni. Kí ó kan ti 1996, ọdún tí Zamalek tún padà wá! A nà wọ́n ní 2-1 ní Ìbàdàn, àwọn náà nà wá ní 2-1 ní Káírò, wọ́n sì fi pẹ́nárítì gba ife lọ. Bàbá wà lórí pápá ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí a borí. Ó ní àwọn ènìyàn ń jó, òun kò jó, nítorí pé góòlù kan tiwọn wúwo ju méjì tiwa lọ. Apohùn tí ó lè gbé ìṣẹ́gun kalẹ̀ kí ìfìdírẹmi ti máa yọjú nínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, àní láàárín àwọn tí a ń gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn.

Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀ nípa oríkì. Karin Barber, tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Òkukù, jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991 pé oríkì kì í fi àléébù pamọ́ nítorí ìyìn. Ibi tí baba ẹni ti kọsẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwa tí a kàwé. Bí a bá fẹ́ kọ̀wé nípa Sútìn, 1976 ni a óò mú, ògo àtijọ́, àwọn akọni ọjọ́ náà. Bí ó bá di dandan kí a mẹ́nu kan ìjákulẹ̀, a óò ní rẹfirí ni, tàbí oògùn. Ohun tí mo ṣe ní 1984 kọ́ nìyẹn bí? Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Chicago ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cubs, nínú eré baseball, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá. Láti 1908 tí ẹgbẹ́ náà ti gba ife, kò gbà á mọ́ títí di 2016. Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á? Wọ́n ní ọlọ́tí kan mú òbúkọ rẹ̀ wá wòran ní 1945, wọ́n ní kí òbúkọ jáde, ọlọ́tí sì ṣépè. (Bí ó bá jẹ́ Ìgbò-Ọrà ni, a ó ti jẹ òbúkọ náà kí eré tó parí.) Òbúkọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìṣẹ́jú tí wọ́n gbá a wọlé. Ní ọdún 2016 kan náà ni Rangers gba líìgì Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 32. Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí kì í ṣe ti ìjọba, tí a dá sílẹ̀ ní 2004, gba tirẹ̀. Oògùn ta ni a óò dá lẹ́bi fún ìyẹn?

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú ìbínú sí àwọn ọ̀dọ́ Ẹrúwà tí wọ́n ń wọ aṣọ Arsenal, ṣùgbọ́n mo dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀, mo sì rí ohun tí ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ bí Manchester United ṣe na Arsenal ní 8-2 ní ọdún 2011. Ó to góòlù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀lé ara wọn, kò fo ọ̀kan. Iṣẹ́ bàbá ló ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó dùn mí ni pé owó-orí rẹ̀ kò sí nínú bọ́ọ̀lù yẹn. Kò sí ẹni tí ó lè lọ bá ní London kí ó bi í léèrè.

Nígbà tí mo lọ kí bàbá kẹ́yìn, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní kí ó sọ ti Zamalek. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Káírò, ó sọ ọ́ dé Èkó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí góòlù wọlé, ó dákẹ́, ó yíjú síhà ibi tí mo jókòó sí, ó ní, “Ó yá, ọ̀gá ògbufọ̀, sọ tìẹ fún wọn.”