Ojú Ihò Ìlẹ̀kẹ̀

Bí wọ́n bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ síwájú mi, ojú ihò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àwọ̀ lè tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n okùn tó ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún á ti jẹ etí ihò náà, á ti sọ ọ́ di dídán, apá kan á sì jìn ju ìkejì lọ. Ibi tó ti ń kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà á ti jẹ, tí àwọn méjèèjì á fi bára mu bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti tuntun máa ń mú létí, ó ń ha èékánná.

Iyùn gidi, egungun ẹ̀dá inú Òkun Mẹditaréníà ni. Mo máa ń gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: iyùn á tutù, ike á ti gba ooru ara mi kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń hó lójú iyùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń hó lójú ìkarahun tí wọ́n pa láró pupa pẹ̀lú, ó sì ń ba dídán jẹ́. N kì í lò ó.

Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, ni mo fẹ́ràn jù. Sẹ̀gi àtijọ́ kan wà, búlúù ni lórí tábìlì. Gbé e sójú oòrùn, á yí sí àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo ka ìwádìí ọdún 2017 nípa Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ti hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, orí mi wú. Àwọn baba wa fúnra wọn ló ń se gíláàsì yẹn, kí òyìnbó tó gbé tirẹ̀ dé etíkun wa.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá kí n tún un sín. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o, iyùn ìyá mi ni." Ẹyọ 32 ni. Mẹ́rin ò bá àwọn yòókù mu: ojú wọn ṣú bíi pé wọ́n ti gbó, etí ihò wọn sì mú. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, ogbó náà bá omi lọ. Ẹni tó sín in ṣáájú ló ti pààrọ̀ wọn. Ó dùn mí wọra, torí oníbàárà kì í ka ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kó tó fi í lé wa lọ́wọ́.

Ìyá ní kí n yọ wọ́n. Mo fi ẹyọ 28 sín in padà. Kò dé ibi tó ti ń dé láyà wọn tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n fi í sọ́rùn bẹ́ẹ̀.