Ìró tó ń ṣí orin: eré ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Eré kan wà ní ilẹ̀ Japan tí tọmọdé tàgbà ń ṣe. Shiritori ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á dárúkọ nǹkan. Ìró tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ sakura, tí í ṣe òdòdó kan, ẹnì kejì lè sọ rakuda, tí í ṣe ràkúnmí. Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ tó parí sí n ti pàdánù, nítorí èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ tó ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi òfin eré yìí yẹ èdè Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó wò. A ní eré tiwa tó pọ̀ tó, àmọ́ òfin yìí ń fi ohun kan hàn tí Yorùbá inú ìwé ti bò mọ́lẹ̀ fún wa: bó bá di ti ìró ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn ará ìlú méjèèjì yìí fẹ̀ ju ẹnu ìwé lọ.

Ìdí tí ìró ìbẹ̀rẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Japan kò fara sin. Sílébù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Àmì 46 ni ìpìlẹ̀ hiragana wọn, wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀ lé a, i, u, e, o. Bí ìwé atúmọ̀ èdè wọn ṣe tò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé orin gbàǹgbà tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ nínú yàrá karaoke, níbi tí èèyàn ti ń kọrin tẹ̀ lé ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí Daisuke Inoue fi ẹ̀rọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Kobe ní 1971. Àṣà náà sì ti pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ewì ọgọ́rùn-ún tí Fujiwara no Teika ṣà jọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá ti di eré káàdì lọ́wọ́ wọn: òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ ewì, àwọn tó ń ṣeré á sì máa du káàdì tí ìparí ewì náà wà lára rẹ̀. Méje nínú ọgọ́rùn-ún ewì yìí ni kò bá òmíràn pín sílébù àkọ́kọ́. Bó bá kan ọ̀kan nínú méje yìí, ẹni tó mọ eré náà dunjú kò ní dúró de sílébù kejì kó tó na ọwọ́.

Èèyàn á rò pé eré yìí á bá Yorùbá mu wẹ́kú. Fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wa ń parí sí, fáwẹ̀lì náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò: ilé, ewúrẹ́, ẹja, aṣọ, ọkọ̀, ọ̀bẹ, ẹnu. Ibẹ̀ ló pin sí. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ tirẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. Ẹ sì wo irú ọ̀rọ̀ tó ń parí síbẹ̀: ojú, ìlú, ikú, iṣu, ẹrù, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí bí èèyàn ṣe lè lo ọjọ́ kan láìdárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní Japan, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àìdára ló ń fara gbá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sọ ojú ti pa ẹni tó tẹ̀ lé e lẹ́nu mọ́. Mo ti mú ohùn kúrò nínú ìṣirò o. Bí a bá ní kí àmì ohùn náà bára mu, eré kò ní kọjá ilé, torí pé fáwẹ̀lì tó ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gba ohùn òkè.

Àmọ́ ẹ gbé eré náà dé Àkúrẹ́, kí ẹ fi síwájú àgbàlagbà tó ṣì ń sọ èdè ilé. Ẹni tí wọ́n sọ ẹnu fún á dáhùn pé ulé, eré á sì máa lọ. Ẹlòmíràn lè sọ ugi. Ẹni tó gbọ́n féfé á sọ uṣu, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u tó sì tún parí sí i, kó lè dá ìṣòro náà padà sọ́rùn ẹni tó gbé e wá. Nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí Abíọ́dún Adétùgbọ́ ṣe ní 1967, ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́ta. Oǹdó bọ́ sí ti gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Ìkálẹ̀ àti Ọ̀wọ̀. Èdè Àkúrẹ́ bá ti Èkìtì lọ sí àárín gbùngbùn. Ìsọ̀rí méjèèjì ló ní u ìbẹ̀rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é ní àṣìṣe ọmọ oko, nítorí ó wà lára pátákó ojú ọ̀nà káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Uso, Ute, Ugbo. Ó wà nínú orúkọ Ulefunta, ayẹyẹ tí Déjì Àkúrẹ́ máa ń ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni Yorùbá inú ìwé gbára lé jù lọ láti ayé Àjàyí Crowther, u ìbẹ̀rẹ̀ kò sì bá a wọlé.

Nínú orin ńkọ́? Ohun tó jọ ìwé karaoke jù lọ lọ́dọ̀ wa ni atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé orin ìjọ, tí wọ́n fi ìlà àkọ́kọ́ tò ní a, b, d. Ìwé irú èyí ti bá àwọn ará Oǹdó gbé pẹ́, torí ọdún 1877 ni Charles Phillips ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS. Ẹni tó bá ti wá orin nínú atọ́ka náà á rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Abẹ́ J kún nítorí Jésù, abẹ́ O kún nítorí Olúwa, abẹ́ M náà kún nítorí mo. Orúkọ ẹni tí à ń ké pè, tàbí ẹni tó ń ké, ló sábà máa ń ṣáájú orin wa, nítorí náà ìró àkọ́kọ́ kò lè ya orin kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú ní láti sáré dé ọ̀rọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin.

Etí kì í sáré bẹ́ẹ̀. Nínú orin obìtun ní Oǹdó, orin àwọn ọmọbìnrin tó ń kúrò ní èwe, ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè. Bí elé, ìyẹn ẹni tó ń lé orin, bá fẹ́ pa orin dà, kò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì ní dúró. Ìwọ̀nba sílébù díẹ̀ ló máa sọ kí ègbè tó mọ ibi tó ń lọ. Lójú tèmi, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì ni wọ́n dì mú. Bí ohùn ṣe gòkè tó sì rọlẹ̀ ni. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí orin lédè wa, nítorí náà òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín mẹ́ta tó tẹ̀ léra ti tó láti fi orin kan hàn. Ohùn tí a ní láti jù nù kí eré ọ̀rọ̀ tó lè rìn, òun gan-an ló ń ṣí ilẹ̀kùn orin. Lámèyítọ́ tó bá fẹ́ to orin Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́ jọ gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn ìlà àkọ́kọ́ tò wọ́n kó tó wo lẹ́tà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn elé obìtun ṣì wà láyé.

Sunny Adé, olórin jùjú tó jẹ́ ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, tún mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Nínú ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ ti àwọn ọdún 1970, orin kan á máa wọnú òmíràn títí ojú àwo á fi tán. Ìparí èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹn; ẹni tó ń jó kì í mọ ìgbà tó ré ààlà kọjá. Bí a bá fi ìró ìbẹ̀rẹ̀ to irú àwo bẹ́ẹ̀, orin àkọ́kọ́ nìkan la máa rí, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á sọnù.

Kì í ṣe olórin nìkan: ọlọ́fọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ka fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ sí. Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ púpọ̀ lórí ìfọ̀rọ̀dárà nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 lórí ewì alohùn Yorùbá, Pierre Verger sì tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ewé pé sílébù ọ̀rọ̀-ìṣe tó fara pamọ́ sínú orúkọ ewé ni ọfọ̀ ń pè jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fẹ́ ṣe wà nínú ìfẹ́, tí rín sì wà nínú ẹ̀rín; fáwẹ̀lì kàn ṣáájú wọn ni.

Mo tún padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, torí ọwọ́ wọn ni eré wà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bíi ti ẹgbẹ́ wọn káàkiri Nàìjíríà, ń ṣe Name, Animal, Place, Thing. Wọ́n á pe lẹ́tà kan, kálukú á sì sáré kọ orúkọ èèyàn, ẹranko, ìlú àti nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá gbé e wá sínú kíláàsì rẹ̀, kó má sì fo U. Lẹ́tà náà wà láàrin 25 tí à ń kọ́ wọn láti kékeré, síbẹ̀ ẹni tó ń ya àwòrán sí a, b, d kì í rí nǹkan Yorùbá àjùmọ̀lò kan yà sí i lábẹ́. Ní Àkúrẹ́, kó ya ulé. Ibi ìlú, kí àwọn ọmọ kọ Uso tàbí Ute. Ní ti ẹranko àti orúkọ èèyàn, kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà wọn léèrè nílé.